Ṣé iwájú ni ọ̀la wà, àbí ẹ̀yìn? Ìbéèrè kan lórí èdè Hawaii

Arìnrìnàjò

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará ilé. Honolulu ni mo ń gbé báyìí, iṣẹ́ ló gbé mi débẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Nígbà tí ọwọ́ mi dilẹ̀ díẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kọ́ èdè Hawaii ní alẹ́ Ọjọ́rú, nítorí ó ń tì mí lójú pé mò ń gbé lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn, n kò sì lè kí onílẹ̀ ní èdè rẹ̀. Ohun kan wá rú mi lójú níbẹ̀, mo sì rò pé ọmọ Yorùbá ló máa lè bá mi tú u.

Olùkọ́ wa kọ gbólóhùn kan sójú pátákó: «I ka wā ma mua, ka wā ma hope.» Ó ní wā ni àkókò, mua ni iwájú, hope ni ẹ̀yìn. Ó wá ṣàlàyé pé ní èdè yìí, ohun tó ti kọjá ni wọ́n ń pè ní àkókò iwájú, ohun tí kò tíì dé ni wọ́n ń pè ní àkókò ẹ̀yìn, pé ṣe ni ọmọ Hawaii kẹ̀yìn sí ọ̀la tó sì dojú kọ àwọn baba ńlá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára gan-an. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kọ ìwé kékeré kan sí mi, ó sì fi «i kēia mua aku» parí rẹ̀. Mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, mo rí i pé «lọ́jọ́ iwájú» ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mua kan náà! Báwo ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe lè jẹ́ àná kí ó tún jẹ́ ọ̀la?

Ìbéèrè kejì kò le tó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí olùkọ́ náà ní ìparí sáà, kí n sọ fún un pé mò ń fojú sọ́nà fún sáà tó ń bọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Etí-Òkun

Ẹ káàbọ̀, Arìnrìnàjò. Mo ti fi ọdún díẹ̀ ka àwọn èdè erékùṣù ibẹ̀ yẹn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú. Ẹ fi mua àti hope sílẹ̀ ná, ká kọ́kọ́ mú aku, nítorí òun lẹ fò kọjá, òun gan-an ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú gbólóhùn tí wọ́n kọ sí yín.

Èdè Hawaii ní ọ̀rọ̀ kéékèèké mẹ́rin tí wọ́n ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe láti fi ibi tí ìṣe náà kọjú sí hàn. Mai ń sọ pé ìṣe náà ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Aku ń sọ pé ó ń kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Aʻe ń tọ́ka sí òkè tàbí sí ẹ̀gbẹ́, iho sì ń tọ́ka sí ìsàlẹ̀ tàbí sí ara ẹni tó ń ṣe nǹkan. Hele mai ni «wá», hele aku ni «lọ». Lawe mai ni «mú un wá», lawe aku ni «mú un lọ». Ẹ̀yin náà ẹ rí i pé wá àti lọ tiwa ń ṣe irú iṣẹ́ yìí gẹ́lẹ́ nígbà tí a bá so wọ́n mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn. Tiwọn kàn le ju tiwa lọ ní ti pé a lè sọ pé «ó sọ fún mi» láìfi wá kún un, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ èdè Hawaii dáadáa yóò fẹ́ gbọ́ ʻōlelo mai bí ọ̀rọ̀ náà bá wá bá a, ʻōlelo aku bí ó bá jẹ́ pé òun ló sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ẹnu pàápàá ní ibi tó ń lọ.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe mú àwọn ọ̀rọ̀ yìí wọ inú àkókò. «Kēia pule aʻe» ni ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eléyìí. «Kēlā pule aku nei» ni ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Aku ló wà nínú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, aku kan náà ló sì wà nínú «kēia mua aku» tí í ṣe ọjọ́ iwájú. Ohun tí mo rí nínú èyí ni pé aku kò sọ pé iwájú, kò sì sọ pé ẹ̀yìn. Ó kàn ń sọ pé «kúrò níbi tí mo dúró sí nísinsìnyí». Ọ̀rọ̀ tó kù nínú gbólóhùn ni yóò sọ ọ̀nà tí ó gbà kúrò.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣeun, Etí-Òkun. Mo ti gbọ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe rírà àti títà lọ́hùn-ún. Ṣé òótọ́ ni? Ìṣòwò ni mò ń ṣe, n kò lè fọkàn yàwòrán ọjà tí rà àti tà ti jẹ́ ọ̀rọ̀ kan.

Etí-Òkun

Òótọ́ ni, mà. Kūʻai ni ọ̀rọ̀ náà, pàṣípààrọ̀ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Kūʻai mai ni kí èèyàn rà, nítorí ọjà ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kūʻai aku ni kí ó tà, nítorí ọjà ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ sì ní irú rẹ̀ nílé. Tí ẹ bá ní «mo yá a lówó», ọwọ́ yín ni owó ti jáde. Tí ẹ bá ní «mo yá owó lọ́wọ́ rẹ̀», ọwọ́ yín ni owó bọ́ sí. Yá kan ṣoṣo ni. Àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló ń sọ ẹni tó jẹ gbèsè.

Ìyá Ìbejì

Hàà! Mo ti ń yá owó fún èèyàn láti bí ogún ọdún, n kò ronú kàn án rí.

Bàbá Olùkọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Yorùbá ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé gíráámà kí n tó fẹ̀yìn tì, n kò mọ èdè Hawaii rárá. Mo kàn fẹ́ bi Arìnrìnàjò léèrè ohun kan: kí ló yà á lẹ́nu?

Nígbà tí wọ́n bá ń gbàdúrà fún ọ nílé, ṣé wọn kì í sọ pé kí ẹ̀yìn ọ̀la rẹ dára? Ẹ̀yìn ọ̀la! Ibẹ̀ kò tíì dé, síbẹ̀ ẹ̀yìn ni a pè é. Ẹni tó gba àdúrà yẹn ní àárọ̀ á tún jókòó ní ìrọ̀lẹ́, á máa sọ ètò tó ń ṣe fún ọjọ́ iwájú àwọn ọmọ rẹ̀, ohun kan náà ló sì ń sọ. A ní «àtẹ̀yìnwá», ohun tó ti kọjá sì ni. A ní «lẹ́yìn náà», ohun tó tẹ̀ lé e ni. A ní «àwọn tó ṣáájú wa», àwọn òkú ọ̀run wà nínú wọn. A tún ní «iwájú ni à ń lọ». Bí ẹnìkan bá fẹ́ kọ̀wé nípa wa pé Yorùbá kẹ̀yìn sí ọ̀la, ẹ̀rí wà fún un. Bí ẹlòmíràn bá fẹ́ kọ̀wé pé Yorùbá dojú kọ ọ̀la, ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni pé kí wọ́n wo òwe yìí: «Ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ èrò ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.» Àwọn méjèèjì ń rìn lójú ọ̀nà kan, wọ́n sì kọjú síbì kan náà. Ará iwájú ni ó kọ́kọ́ dé ibi kòtò, nítorí náà tirẹ̀ ti di ìtàn. Èrò ẹ̀yìn ni yóò dé kẹ́yìn. Bí a bá fi ojú èrò wò ó, iwájú ni ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú èmi tí mò ń rìn wò ó, iwájú ni ibi tí n kò tíì dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ tiwọn, ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ náà ni mua wọn rí?

Kò-gbà-bẹ́ẹ̀

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá. Mo fẹ́ ti ọ̀rọ̀ yìí síwájú ju ibi tí wọ́n fi í sí. Ó ti sú mi kí wọ́n máa fi èdè àwọn ènìyàn kan ṣe idán. Ìtàn «wọ́n ń fi ẹ̀yìn rìn wọ inú ọ̀la» yìí kàn dùn-ún gbọ́ létí àlejò ni. Bí mua bá jẹ́ «tẹ́lẹ̀» tí hope sì jẹ́ «lẹ́yìn náà», kò sí ohun ìyanu kankan níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pẹ̀lú ń lo ọ̀rọ̀ iwájú fún ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ pé ará London ń fi ẹ̀yìn rìn.

Etí-Òkun

Ẹ̀gbọ́n Kò-gbà-bẹ́ẹ̀, ẹ rọra. Ìdajì ọ̀rọ̀ yín ni mo gbà.

Èyí tí mo gbà ni pé gírámà nìkan kò tó fi mọ ibi tí èèyàn kọjú sí. Mua àti hope jẹ́ ọ̀rọ̀ ibi, bí iwájú, ẹ̀yìn, inú àti ìta tiwa. «Ma mua o ka hale» ni iwájú ilé. «Ma mua o ka hana» ni kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, «ma hope o ka hana» sì ni lẹ́yìn iṣẹ́. Àní «ma mua o» náà ni wọ́n fi ń ṣe àfiwé: bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé ilé yìí tóbi ju ìyẹn lọ, wọn á ní «ʻoi aku ka nui o kēia hale ma mua o kēlā». Ẹ wo aku níbẹ̀, kí ẹ sì wo lọ nínú «ju ìyẹn lọ» tiwa. Ohun tó ta yọ ti kúrò lọ́dọ̀ èkejì rẹ̀. Kò sí ẹni tí ń fi ẹ̀yìn rìn nínú ìyẹn, ẹni tó ṣíwájú àti ẹni tó tẹ̀ lé e lásán ni. Hope tún ni igbákejì olóyè, bíi hope pelekikena, igbákejì ààrẹ, nítorí pé ẹni tó tẹ̀ lé ọ̀gá ni. Hopena sì ni àbájáde ọ̀rọ̀, ibi tí ó já sí.

Èyí tí n kò gbà ni pé àlejò ló hun ìtàn náà. Lilikalā Kameʻeleihiwa, tí í ṣe ọmọ Hawaii tó sì jẹ́ òpìtàn, ló kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1992 pé ọmọ Hawaii dúró ṣinṣin nínú ìsinsìnyí, ó kẹ̀yìn sí ọ̀la, ojú rẹ̀ sì wà lára ohun tó ti kọjá, níbi tó ti ń wá ìdáhùn sí ìṣòro òní. Àwọn Māori ti New Zealand, tí èdè wọn bá ti Hawaii tan, náà ń sọ irú rẹ̀ nípa mua àti muri tiwọn. Muri yẹn náà ni èdè Hawaii ń pè ní muli. Ẹ má sì gbàgbé ohun tí ojú àwọn ènìyàn náà rí. Ní 1893 ni wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ ọbabìnrin wọn. Ní 1896 ni òfin jáde pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni nílé ìwé. Nígbà tó fi máa di ọdún 1980 sí 1989, àwọn ọmọdé tí ń sọ èdè náà kò pọ̀ mọ́ bí kò ṣe ní erékùṣù kékeré Niʻihau. Ènìyàn tí wọ́n ti sọ fún láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún pé kí ó gbàgbé baba rẹ̀ kí ó lè tẹ̀ síwájú, bí ó bá rí i pé nínú èdè òun gan-an iwájú ni baba wà, yóò di ọ̀rọ̀ yẹn mú. Kì í ṣe idán.

Kò-gbà-bẹ́ẹ̀

Mo gbọ́, mo sì tọrọ gáfárà lórí «àlejò» tí mo sọ. Síbẹ̀, ìmọ̀ràn òpìtàn lórí bí ó ṣe yẹ kí a gbé ayé jẹ́ ohun kan, ohun tí èdè ń ṣe lẹ́nu àwọn tó ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ jẹ́ òmíràn. Èdè kan wà tí wọ́n ti ṣe ìwádìí irú èyí lórí rẹ̀, èdè Aymara ti àwọn òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Rafael Núñez àti Eve Sweetser tẹ ìwádìí wọn jáde ní 2006. Wọn kò dúró lórí ọ̀rọ̀ nìkan, wọ́n wo ọwọ́ àwọn tí ń sọ̀rọ̀. Àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ ń na ọwọ́ síwájú bí wọ́n bá ń sọ ohun tó ti kọjá, wọ́n sì ń tọ́ka sẹ́yìn èjìká bí wọ́n bá ń sọ ohun tí ń bọ̀. Ẹ̀rí nìyẹn. Bí ẹ bá mú irú rẹ̀ wá láti Hawaii, n ó gbà.

Arìnrìnàjò

N kò ní irú ìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n mo ṣe ohun kékeré kan lálẹ́ àná lẹ́yìn kíláàsì. Mo bi olùkọ́ wa nípa «kēia mua aku», mo rò pé inú á bí i. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun mọ̀ dájú, òun náà ń lò ó. Ó ní tí òun bá ń sọ pé «ka wā ma mua», àkókò ló ń tò lọ bí ọ̀wọ́ ènìyàn, àwọn tó kọ́kọ́ dé ló sì wà níwájú. Tí òun bá wá ní «i kēia mua aku», òun fúnra òun ló ń rìn, láti ibi tí òun wà yìí lọ sọ́hùn-ún. Ẹnu yà mí, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òwe Bàbá ló ń túmọ̀, kò sì gbọ́ Yorùbá rí láyé rẹ̀.

Ó tún fi ẹ̀kẹta kún un: «ka wā e hiki mai ana», àkókò tí yóò dé. Mai ló wà níbẹ̀, kì í ṣe aku.

Bàbá Olùkọ́

Ẹ bá mi kí olùkọ́ yín. Mai ti ẹ mú wá yìí dùn mọ́ mi jù. Nínú ọ̀kan, èèyàn ń lọ bá àkókò. Nínú èkejì, àkókò ń bọ̀ wá bá èèyàn. Àwa náà ní méjèèjì: «ọjọ́ iwájú», tí a ń rìn lọ bá, àti «ọdún tó ń bọ̀», tí ń rìn bọ̀ wá bá wa bí àlejò. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé èyí tí ń bọ̀ ni a fẹ́ràn jù. Gbọ́ bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí Kérésìmesì tàbí Iléyá bá kù dẹ̀dẹ̀: «ó ti ń bọ̀», «ó ti dé tán». Kò sẹ́ni tó ń ní òun ń lọ síbi Iléyá.

Ẹlẹ́nu-Ire

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Ṣé kì í ṣe nítorí ọkọ̀ ojú omi ni? Mo kà á níbì kan pé àwọn atukọ̀ ibẹ̀ gbà pé ọkọ̀ wọn dúró sójú kan, pé erékùṣù ló ń rìn bọ̀ wá bá wọn lórí omi. Bí erékùṣù bá lè máa bọ̀, àkókò náà lè máa bọ̀.

Etí-Òkun

Ó dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi í sí àyè rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn atukọ̀ erékùṣù Caroline ní Micronesia ni ọ̀nà ìṣirò yẹn ti wá. Ohun tó so ó mọ́ Hawaii ni pé nígbà tí ọkọ̀ Hōkūleʻa máa rin ìrìn àjò rẹ̀ àkọ́kọ́ láti Hawaii lọ sí Tahiti ní 1976 láìlo kọ́ńpáàsì, kò sí atukọ̀ Hawaii tó tún mọ iṣẹ́ náà mọ́, Mau Piailug láti erékùṣù Satawal, ní Caroline kan náà, ni wọ́n pè wá tukọ̀. Nítorí náà, kò yẹ ká fi èrò Satawal túmọ̀ gírámà Hawaii. Mai wà nínú èdè àwọn erékùṣù yẹn tipẹ́tipẹ́. Mai náà ni ní Māori, atu tiwọn ni aku níhìn-ín nítorí pé t ti di k, ake tiwọn sì ni aʻe.

Ibi tí òkun ti wọ inú ọ̀rọ̀ gan-an ni «holomua», tí wọ́n fi ń pe ìtẹ̀síwájú. Holo ni kí ọkọ̀ máa lọ, kí èèyàn máa sáré, mua ni iwájú. Àwa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ síwájú, àwọn ń tukọ̀ síwájú.

Bàbá Olùkọ́

Ṣé «i mua» náà nìyẹn tí mo gbọ́ pé wọ́n ń pariwo níbi eré?

Etí-Òkun

Òun ni, sà. «Síwájú!» ni. Èyí tó lókìkí jù nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ìtàn sọ pé ọba Kamehameha fi ké sí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní àfonífojì ʻĪao ní erékùṣù Maui ní 1790: «I mua e nā pōkiʻi a inu i ka wai ʻawaʻawa.» Ó ní kí wọ́n tẹ̀ síwájú títí wọn yóò fi mu omi kíkorò. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó fi pè wọ́n, pōkiʻi. Kò pè wọ́n ní ọmọ ogun, kò pè wọ́n ní ẹrú. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àbúrò, ó sì jọ ti Yorùbá ní ti pé kò yà á sọ́tọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Gẹ̀ẹ́sì kò lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe èyí, àwa lè pè é láìtiraka: «Ẹ̀yin àbúrò, ó yá, iwájú!» Ogun náà le débi pé òkú dí odò, wọ́n sì ń pe ibẹ̀ ní Kepaniwai, ibi tí omi ti sé.

Ìyá Ìbejì

Ọ̀rọ̀ ti wá di ogun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ọmọ náà lóhùn lórí ìbéèrè kejì. Lẹ́tà ni ó fẹ́ kọ.

Etí-Òkun

Ẹ jẹ́wọ́ pé ẹ gbádùn ogun náà, mà.

Lórí ìfojúsọ́nà, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa sọ ni kí Arìnrìnàjò má ṣe mú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kó máa wá ọ̀rọ̀ Hawaii tò sí abẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ «nānā i mua» pẹ̀lú èrò pé wọ́n ti sọ pé àwọn ń retí nǹkan. Ẹni tó kà á yóò rò pé wọ́n ní kí òun wo ọ̀ọ́kán ni.

Gírámà nìkan lè gbé púpọ̀ nínú rẹ̀. «E … ana» tí wọ́n fi ń ká ọ̀rọ̀-ìṣe mọ́ àárín ń sọ pé ìṣe náà kò tíì parí, yálà ó ń lọ lọ́wọ́ tàbí ó ń bọ̀. «E hele ana au» lè jẹ́ «mò ń lọ», ó sì lè jẹ́ «n ó lọ», gẹ́gẹ́ bí ẹnìkan ṣe lè wí ní ilé wa pé «mò ń lọ sí Ìbàdàn lọ́la» tí kò sì tíì di ẹrù. «Ke … nei» ni ti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísinsìnyí gan-an, nítorí náà «ke kali nei au» ni «mò ń dúró dè é». Kali jẹ́ dídúró lásán, kò sọ bóyá inú yín dùn sí i.

Tí inú bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo mọ̀ tó wúlò. ʻIʻini jẹ́ ìfẹ́ ọkàn tó le. ʻUpu jẹ́ èrò tó ń padà wá sọ́kàn léraléra, ìrètí tí kò jẹ́ kí èèyàn sinmi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, àmọ́ ó wúwo díẹ̀ fún lẹ́tà sí olùkọ́. Ẹ̀kẹta ni manaʻolana. Manaʻo ni èrò, lana ni kí nǹkan léfòó lórí omi. Èrò tó léfòó ni wọ́n ń pè ní ìrètí.

Ìyá Ìbejì

Èrò tó léfòó! Àwa sì fojú sọ́nà. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà létí ọ̀nà ń wo ọ̀nà, ẹni tí òkun yí ká ń wo ohun tí kò rì.

Kò-gbà-bẹ́ẹ̀

Ìyá wa, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń gbé létí òkun Èkó náà ń fojú sọ́nà.

Ìyá Ìbejì

Jẹ́ kí n gbádùn tèmi, jọ̀ọ́.

Arìnrìnàjò

Mo ti kọ ohun kékeré kan. Ẹ bá mi wò ó kí ojú má baà tì mí. Mo fẹ́ sọ pé mo ní ìrètí pé a ó tún pàdé lọ́jọ́ iwájú, pé n ó fi lẹ́tà mìíràn ránṣẹ́ sí i, kí n sì kí i pé ó dàbọ̀:

«Ke manaʻolana nei au e hui hou kākou ma kēia mua aku. E hoʻouna mai ana au i kekahi leka iā ʻoe. A hui hou.»

Etí-Òkun

Ẹ kú iṣẹ́. Ohun méjì ni mo rí.

Àkọ́kọ́, kākou ni àwa mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá ní gbogbo kíláàsì lọ́kàn, ó tọ́. Tí ó bá jẹ́ ẹ̀yin àti olùkọ́ nìkan, kāua ni kí ẹ lò. A kò ní ìyàtọ̀ yìí ní Yorùbá, nítorí náà a gbọ́dọ̀ máa rántí rẹ̀.

Èkejì, ẹ ní lẹ́tà ń ti ọ̀dọ̀ yín lọ, ẹ wá fi mai sí i. Lẹ́tà náà yóò dé, á tún padà wá bá yín nílé! Hoʻouna aku ni. Ẹ tún ṣọ́ra fún mai, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Tó bá wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe, «sọ́dọ̀ mi» ni. Tó bá ṣáájú rẹ̀, ó lè jẹ́ ìkìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe é, «mai hele», má lọ. Tí ẹ bá sì fi ʻokina, àmì kékeré (ʻ) yìí, sí àárín rẹ̀, maʻi, ó ti di àìsàn. Àmì yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́, lẹ́tà ni, òun ló ṣe ìkẹtàlá nínú álífábẹ́ẹ̀tì wọn.

Bàbá Olùkọ́

Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i níbí yìí ka gbólóhùn ìkẹyìn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ̀ yín.

Kí ni «a hui hou» tó fi parí lẹ́tà rẹ̀ ń sọ gan-an?

Etí-Òkun

Hui ni kí á pàdé, hou ni ẹ̀ẹ̀kan sí i, a tó wà níwájú rẹ̀ sì ni «títí di». Títí di ìgbà tí a óò tún pàdé.

Bàbá Olùkọ́

Ó di àbọ̀ nìyẹn. Ó dàbọ̀! Wọn kò dágbére pé àwọn ń lọ, wọ́n ń dágbére pé àwọn yóò bọ̀.

Arìnrìnàjò

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ti tún un kọ:

«Ke manaʻolana nei au e hui hou kāua ma kēia mua aku. E hoʻouna aku ana au i kekahi leka iā ʻoe. A hui hou.»

Ṣé kí n fi aku sí ìparí, «a hui hou aku»? Mo gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà kan.

Etí-Òkun

Ẹ lè fi í sí i, kò sí aburú níbẹ̀, àwọn náà ń sọ ọ́. Ẹ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì wá sọ èsì tó bá fún yín. Bí ó bá fi «mai» dá yín lóhùn, ẹ̀yin ló ń bá wí.